Ẹni Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

"Ṣé o ti fi igi sẹ́yìn táyà?"

Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà, bẹ́ẹ̀dì náà sì ní ẹsẹ̀ tó ń yí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní oògùn ló ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, ó sì dìde.

"Mo ti fi sí i."

Ìyàwó rẹ̀ mi orí, ó di ojú. Nígbà tó di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì kó ẹrù rẹ̀ fún ọkùnrin náà nínú ọ̀rá: ìborùn kan, awò ojú, kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo awakọ̀ ọgbà ọkọ̀ ẹrù to ọkọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà títí àwọn ará àdúgbò fi dití.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Bàbá mi, yàrá kan ṣófo nílé. Kí lẹ tún ń wá nínú ọgbà yẹn?"

"Màá rò ó."

Kò rò ó. Inú ọkọ̀ ló padà sí. Ó ti lé lógún ọdún tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ ń rìn nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà, nítorí kò síbi tí èèyàn lè bínú lọ nínú ọkọ̀ tó ń sáré.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé iṣẹ́ tó ni ọgbà ọkọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Máníjà tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ kò tíì mọ epo ọkọ̀. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí ó bá tún ayé wá, ṣé iṣẹ́ yìí náà ni yóò tún ṣe? Ẹni tó bá ní rárá, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí ọkọ̀ di ti ẹlòmíràn. Nínú ọgbà yẹn, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọkọ̀. Wọn kì í bi í ní nǹkan mìíràn.

Awakọ̀ àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ó parí ìbéèrè.

"Kí n tún un ṣe kẹ̀? Nígbà tí mo délé lọ́jọ́sí, àbíkẹ́yìn mi bi ìyá rẹ̀ pé ìgbà wo ni àlejò máa lọ." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èkejì ní òun á tún un ṣe, bí wọ́n bá lè fún òun ní ìbàdí mìíràn.

Ó wá ku ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú. Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é, nítorí gíga rẹ̀. Baba Táyà, tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Agùntáṣọọ́lò, dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn, kí o lọ bá ọmọ rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni kò mọ̀?"

Máníjà ti ń bọ̀. Ó ní kí àwọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, pé oòrùn mú jù níta. Òun fúnra rẹ̀ gun ìdí sítíárìn, kí ó lè mọ bí ó ṣe ń rí. Orúnkún rẹ̀ kọlu irin.

"Háà, Bàbá! Àga yìí mà sún mọ́wájú o. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ga tó báyìí ṣe ń ráyè jókòó?"

"Bí a ṣe ń lò ó nìyẹn, ọ̀gá." Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Wọ́n sọ ti fèrè ọjọ́ ìsìnkú fún mi. Awakọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lè yẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, awakọ̀ gidi ni."

"Awakọ̀ gidi ni."

"Ṣé ẹ ti ní jàǹbá rí?"

"Èmi? Mi ò wakọ̀ kọlu nǹkan kan rí láyé mi."

Níta, Baba Táyà wúkọ́.

"Ó dáa. Bí ẹ bá wá tún ayé wá ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ń wo gíláàsì iwájú. Ó ti dọ̀tí. Bí òun bá ní rárá, wọn á gba ọkọ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn á sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Iṣẹ́ tí mo ṣe náà ni màá ṣe," ló wí. "Ọkọ̀ yìí náà. Àga tí mo jókòó sí yìí náà."

Máníjà fi ọwọ́ lu sítíárìn. "Irú èsì tí mò ń wá nìyẹn! Símẹ́ńtì lẹ máa gbé láàárọ̀ ọ̀la. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú, kí àwọn tó kù lè rí àgbà wò kọ́ṣẹ́."

Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀. Baba Táyà wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ìwọ lo máa ṣíwájú?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀."

"Ilẹ̀ kì í pẹ́ mọ́ o."

"Mo mọ̀."

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó ṣì jókòó síbẹ̀. Kò tíì dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. Kò tíì fọ ife tí ìyàwó rẹ̀ mu omi tíì kù sí. Kò tíì yọ igi kúrò lẹ́yìn táyà, níbi tó fi í sí lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì dé kẹ́yìn.

Kò tíì gbé bàtà ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì, kò tíì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí sítíárìn, kò sì tíì kọ́ ọkọ̀ wíwà.