Ayékòótọ́ Tó Mọ Orin Tí Kò Mọ Ilé Kọ́

Ààlọ́ mi fò, ó bà lé ilé ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀gà ti ń kọ́ àwọn ẹyẹ ní ilé kíkọ́. Orin ni ìdánwò wọn, Ayékòótọ́ tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ ló sì máa ń gba ipò kìíní:

Mú koríko wá.
*Hun ún, hun ún.*
So ó mọ́gi.
*Hun ún, hun ún.*

Nígbà tó kọ́ ilé tirẹ̀, ilé já, ẹyin fọ́. Ó sunkún tọ Ẹ̀gà lọ: “Olùkọ́, ẹ gbà mí. Mo mọ orin, n kò mọ ilé kọ́.”

Ojú ti Ẹ̀gà. “Ẹ̀bi mi ni, ọmọ mi. N kò wo iṣẹ́ rẹ rí.”

Láti ìgbà náà, koríko ló ń gbé kalẹ̀ fún ìdánwò. Ayékòótọ́ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹyin mẹ́ta dúró nínú ilé tó hun.