Kí Ẹ̀pà Ẹ̀kúnwọ́ Kan Tó Tán

Bàbá Òfurufú ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá ọmọbìnrin tí kápẹ́ńtà kan ń fẹ́ sọ́nà, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn létí. Ìlú méjì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò sì sí oṣù tí kì í rìnrìn-àjò.

"Ẹgbẹ̀ta kìlómítà ni," ó sọ fún kápẹ́ńtà ní pálọ̀. "Wákàtí kan péré. Kí o tó jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tán, bàálù ti balẹ̀."

"Ẹ ṣé, àna mi," ni kápẹ́ńtà wí.

"Kò tíì di àna."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí. Alẹ́ àná ló dé, ẹsẹ̀ náà sì ti wú. Ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná wọ́ ọ fún un.

"Òfurufú yìí mà ń fìyà jẹ yín o," ni obìnrin náà wí.

"Afẹ́fẹ́ òkè ni." Ó yíjú sí kápẹ́ńtà. "Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́hùn-ún fẹ́ rí ọ ní Sátidé. Bó bá ti gbà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n bàálù ni kó o wọ̀ wá. Má dán mọ́tò wò, afárá kan ti já, inú igbó ni wọ́n ń gbà báyìí. Mi ò sì lè fọmọ fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Èmi á ti lọ ní Fúráìdé."

Kápẹ́ńtà kì í ṣe ojo. Orí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ilé wà lábẹ́ òrùlé. Kí ló wà lábẹ́ bàálù? Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà débi pé bó bá rò ó pé òun lè pàdánù rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bó bá sì ro ti bàálù, omi gan-an kì í lọ.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?" ọmọbìnrin náà bi í lẹ́nu géètì. "Wo bàbá mi. Bí bàálù wọn bá máa gbéra lọ́sàn-án, ìdájí ni wọ́n ti ń jáde. Wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ ká sìn wọ́n dé pápákọ̀."

"Ẹ̀rù kẹ̀?" ni kápẹ́ńtà wí.

Kó tó délé, ó ti pète. Yóò wọ bọ́ọ̀sì ní Fúráìdé, yóò sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Bó bá di Sátidé, yóò lọ dúró ní pápákọ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, yóò dà pọ̀ mọ́ àwọn èrò tó ń jáde, yóò sì máa ráhùn nípa afẹ́fẹ́ òkè.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní Fúráìdé tó fi dé gáréèjì. Ìjókòó kan ṣoṣo ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó fi fìlà bojú níbi fèrèsé, tó gbé ọ̀rá ẹ̀pà ńlá kan lé itan. Kápẹ́ńtà kí i. Ọkùnrin náà kàn hùn, ó sì tún fa fìlà wálẹ̀.

Awakọ̀ wá ka èrò. Ó fọwọ́ kan èjìká ọkùnrin náà.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Mo bá yín tọ́jú ìjókòó yín bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣó ti fà?"

Ọkùnrin náà rọra ṣí fìlà kúrò lójú, Bàbá Òfurufú ni, ó wo kápẹ́ńtà títí, ó bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan sí i lọ́wọ́, ó ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa jẹ ẹ́ o, àna mi, ọ̀nà yìí jìn."