Fèrèsé Keje

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé rà, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín, ẹ kà á tán. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

1.
Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ilé mẹ́ta ló fi ń háyà, kọ́kọ́rọ́ wọn a sì máa dún ní ìbàdí rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Nígbà tó rí ẹ̀kẹrin, ojú rẹ̀ kò wo ibòmíràn mọ́. Àǹtí tó kọ́ ọ ní òwò ilé pè é.

"Àbúrò, o ti yẹ ìwé ilé wò?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, Àǹtí mi."

"Omi ńkọ́? Òrùlé ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ló pé."

"Kí ló dé tí bàbá tó nilé yẹn fi ń tà á?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín. "Áà, Àǹtí! Tí mo bá bi í, tó bá yí ọkàn padà ńkọ́?"

"Ṣáà bi í."

Kò bi í. Ó sanwó.

2.
Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì, kó wọlé náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó fẹ́ ra kọ́tìnì. Ó ka fèrèsé láti ìta: méje. Ó wọlé, ó kà á: mẹ́fà. Ó tún jáde. Méje.

Orí rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi dùn. Yàrá ọ̀fẹ́! Ayálégbé kan tún wọlé nìyẹn.

Níbi tó yẹ kí ilẹ̀kùn yàrá náà wà, ògiri gbalaja ni. Lọ́sàn-án gangan, ó bá ọmọ rẹ̀ níwájú ògiri yẹn, ó ń juwọ́.

"Ta lò ń juwọ́ sí?"

"Ó ní kí n wá."

"Ta ló ní kí o wá?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi etí lé ògiri. Tó. Tó. Tó. "Páìpù ló ń jò," ó wí fún ara rẹ̀.

3.
Bíríkìlà tó pè wá fọwọ́ pa ògiri náà. "Màmá, ẹni tó mọ èyí kánjú gan-an ni. Ẹ pe ẹni tó tà á fún yín ná."

"Yàrá ni mo ní kí o ṣí, mi ò ní kí o wàásù. Fọ́ ọ."

"Ẹ̀yin lẹ nilé."

Ó fọ́ ọ. Yàrá náà kò ní ilẹ̀. Kànga àtijọ́ kan ló la ẹnu sílẹ̀ láàárín. Létí rẹ̀, bàtà ọmọdé kan ṣoṣo, ó tutù rinrin.

Kí wọ́n tó mí, ọmọ ti gba abẹ́ apá bíríkìlà kọjá, ó na ọwọ́ síwájú. Bíríkìlà gbá a mú láṣọ. Bàtà ọmọ náà kan bọ́ sínú kànga. Wọn ò gbọ́ kó balẹ̀.

4.
Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pe bàbá tó ta ilé náà fún un. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí bàbá fi ní, "Ẹ ti ṣí i."

"Bàbá, ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

Bàbá dáhùn: "Ọmọ-ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ yàrá ló ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ló já sínú kànga. Ẹ bi mí nípa òrùlé, ẹ bi mí nípa omi. Mò ń retí èyí tó kù. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá sọ."

5.
Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Ó ta ilé méjì láti fi dí kànga, ilẹ̀ tún ń rì. Ó ta ẹ̀kẹta. Kọ́kọ́rọ́ kan ló kù ní ìbàdí rẹ̀, kò sì sí èkejì tí yóò bá a dún. Ló bá tún mọ ògiri náà padà, ó gbé ilé sí ọjà.

Obìnrin kan wá, ó pọn ọmọ. Ó béèrè òrùlé, ó béèrè omi, ó béèrè ìwé. Ó ní òun máa rà á. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ ọwọ́ jáde, ó ń juwọ́ sí ògiri.

Omi bọ́ lójú Ìyá Kọ́kọ́rọ́. "Ìyá ọmọ, o ò tíì bi mí kí ló dé tí mo fi ń tà á."

"Ṣé ó yẹ kí n bi yín ni?"

"Jọ̀ọ́, bi mí."

Obìnrin náà bi í, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Ilé náà ṣì wà lọ́rùn Ìyá Kọ́kọ́rọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka fèrèsé níta, kí ẹ kà á nínú. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń talé. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá ilé. Bí ọmọ yín bá sì ń juwọ́ síbi tí kò séèyàn, ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde ná.