Ẹyẹ Kálólì Kọ́ Ló Ṣe É

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Nabukenya àti Acen jọ ń gbé yàrá kan ní yunifásítì àtijọ́ kan ní Uganda. Lábẹ́ igi tí àwọn ẹyẹ kálólì ńláńlá ń bà lé ni wọ́n ń gbà lọ ṣèdánwò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ẹni tí kálólì bá yàgbẹ́ lé lórí lọ́jọ́ ìdánwò kò ní gboyè lọ́dún náà. Acen nìkan ni kì í ṣí agbòòrùn níbẹ̀.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù. Ilé ìwé kan ní ìlú Lira ti fi àyè olùkọ́ pamọ́ de Acen, bó bá ti gboyè.

2. Nabukenya ni aláwàdà ilé wọn, orí rẹ̀ sì ti ń wú. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, ó po mílíìkì kíkan mọ́ eérú, ó sì yọ́ dà á lé Acen lórí láti ojú fèrèsé òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, bí Acen ṣe ń kọjá nísàlẹ̀.

"Kálólì ti rí ẹ o, ìyá olùkọ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀," ni Nabukenya ké láti òkè, bí ẹni pé ẹyẹ ló ṣe é.

Gbogbo èèyàn tó wà nísàlẹ̀ gbà pé ẹyẹ ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Acen wòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí padà lọ fọ orí.

3. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, àga Acen ṣófo. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́. Nabukenya ń wo ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́wọ́, wọ́n lè dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè lé òun náà jáde.

Olùkọ́ tó ń ṣọ́ wọn rí i. "Ṣé kò sí o, ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan, sà."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

4. Lẹ́yìn ìdánwò, Nabukenya bá Acen lórí bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ ṣì tutù.

"Acen, jọ̀ọ́, eré ni mo ń ṣe."

"Mo mọ̀. Omi ò yọ nílé wa, ilé kejì ni mo ti lọ fọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ni mo dé."

"O ò bá ti bẹ̀ wọ́n."

"Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ṣáà rò pé ìwọ tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò á ti sọ fún wọn."



Nabukenya gboyè lọ́dún náà, Acen kò gboyè. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ Lira. Títí dòní, Acen ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi ń ṣẹ̀rí agbára kálólì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àwàdà, ẹ ṣọ́ra. Bí eré yín bá ti fẹ́ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kódà bó máa kàn yín. Nabukenya rò pé ìdajì wákàtí péré lòun fẹ́ fi dákẹ́. Yàtọ̀ sí Acen, kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di bí mo ṣe ń wí yìí.