Tún-un-Fọ̀

Adágún méjì ló wà níbẹ̀, òkè kan ló là wọ́n láàrin. Adágún tòkè ti kú. Koríko omi ló pa á. Ó gùn bí okùn, ó lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí wọn ò yà, ẹja ò sì rí èémí mí lábẹ́ rẹ̀. Bí ègé rẹ̀ kan tí kò tó ìka ọmọdé bá sáà ti bọ́ sómi, á hù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba obìnrin kan sẹ́nu ọ̀nà adágún ìsàlẹ̀, pé kó máa fọ gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó bá ń bọ̀ láti òkè kó tó kan omi.

Àwọn apẹja sọ ọ́ ní Tún-un-Fọ̀. Wọ́n ní bó bá rí ẹja nínú omi, á ní kó jáde wá kí òun fọ̀ ọ́. Kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Opó ni. Ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá gbé e lọ kí omijé ojú rẹ̀ tó gbẹ, ó ní ohun ìní ẹbí ni. Látìgbà náà, bí wọ́n bá kíra wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Àbúrò ọkọ yìí a máa kó èrò lórí adágún tòkè, a sì máa pẹja ní tìsàlẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń bọ́ aya àtọmọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó wa," ni yóò wí bó bá ti fi mọ́tò wọ́ ọkọ̀ náà dé.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ n fọ ọkọ̀ ọkọ mi."

Á fọ inú rẹ̀, á fọ abẹ́ rẹ̀, á ki ọwọ́ bọ ìdí ẹ́ńjìnnì. Bó bá tán, á tún un fọ̀. Tàwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ni. Tọkùnrin yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko.

Etí títì ni ibi ìfọkọ̀ náà wà níbẹ̀rẹ̀, ó jìnnà sómi. Tún-un-Fọ̀ ní kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní ọ̀nà ẹ̀bùrú pọ̀ láàrin títì sí omi, pé olè èèyàn lè yọ́ gba ẹ̀yìn òun kọjá, gbogbo wọn ló sì mọ olè tó ń bá wí. Ó yọ ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ lẹ́nu títí wọ́n fi fún un ní bíríkìlà àti sìmẹ́ǹtì. Wọ́n wá kọ́ ibi ìfọkọ̀ tuntun sí bèbè adágún gan-an, débi pé kò sí ọkọ̀ tó lè wọmi láìjẹ́ pé ó gba iwájú rẹ̀. Bíríkìlà náà mọ iṣẹ́. Bí omi bá ti ń dà sílẹ̀ ló ń bá gọ́tà lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì mọ́ tónítóní. Tún-un-Fọ̀ fi ń yangàn.

Òjò ọdún náà ò tíì dá tí wọ́n fi rí koríko ní adágún ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ti ń wọmi.

Ariwo ta. Àwọn apẹja kóra jọ sí gbọ̀ngàn wọn, ojú wọn pọ́n koko. "Ta ló gbé e wá?" ni alága wọn bi wọ́n.

Tún-un-Fọ̀ dìde. "Ta ló ń lọ sókè lójoojúmọ́ nínú wa?"

Gbogbo ojú yí sí àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ṣé ẹ ò fọ̀ ọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ̀ ń fọ̀ ọ́!"

"Mo fọ èyí tó o gbé gba iwájú mi. Èyí tó o gbé gba ẹ̀yìn mi lóru ńkọ́?" Kò tíì pè é ní "o" rí.

"Irọ́ lẹ pa. Ojú oró ní í lékè omi. Màá lékè yín."

"Koríko ló lékè omi báyìí, ọ̀gbẹ́ni," ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Jókòó jẹ́ẹ́!"

Wọ́n ní kó má tún fẹsẹ̀ tẹ bèbè náà mọ́, kí wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má sun ún. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kàn án. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ fún ìyàwó wa. Mo yọ̀ǹda. Ẹ ṣáà má sun ún."

Alága wo Tún-un-Fọ̀. Òun náà gba ojú fèrèsé wo ọkọ̀ náà níta títí.

"Ẹ sun ún," ló wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí i. Orúkọ rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ọ̀dà kọ síwájú ọkọ̀ náà ló jó kẹ́yìn. Ó dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn. Kó tó di ìparí oṣù náà, ọkùnrin náà ti kó aya àtọmọ kúrò nílùú.

Koríko ò dáwọ́ dúró. Tún-un-Fọ̀ ní ó ku àwọn ọ̀dàlẹ̀ mìíràn nílẹ̀. Ó wá ń fọ ọkọ̀ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn apẹja ń kùn, ó ń bú wọn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi kọ̀ kò lọ mọ́ níbi ìfọkọ̀. Ó dúró, ó mù ún dé kókósẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe pulọ́ńbà.

"Ẹ yára, jọ̀ọ́. Àwọn ọkọ̀ ti tò síta."

"Ẹ ní sùúrù, màmá. Nǹkan dí gọ́tà yín ni," ni pulọ́ńbà wí, ó dojú bolẹ̀, ó ki apá bọ inú rẹ̀ dé èjìká.

Koríko tútù ló fà jáde, ó ń fà á, ó ń fà á, kò tán, títí Tún-un-Fọ̀ fi gbójú sókè tó rí i pé bí ọkùnrin náà bá ti fà á ni gbogbo koríko ojú adágún ń mì, láti ibi tí gọ́tà náà ti ń da ohun gbogbo tó bá fọ̀ kúrò lára ọkọ̀ sínú omi.