Ẹ̀rọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Rí

"Dúró síta," Láoyè ń sọ fún Morónikẹ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́yà. "Ẹnu ẹ ò lè pa àṣírí mọ́."

Morónikẹ́ yínmú, ó wọlé, ó jókòó.

Ọdún 1994 nìyí. Láoyè ti kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní lẹ́tà kíkọ. Sọ fún un pé ọ̀fọ̀ ṣẹ ọ̀rẹ́ ẹ, á bá ẹ kọ lẹ́tà tó máa mú omi bọ́ lójú rẹ̀.

Láoyè wá fẹ́ gbàwé ìjọba pé òun ló ni ọgbọ́n náà, kí wọ́n má bàa jí i.

Olè ni gbogbo ayé lójú ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ yọjú ní fèrèsé lásán, ó lé e dé títì Adégbàyí. Ìyàwó fẹ́ gbálẹ̀ yàrá tí kọ̀ǹpútà náà wà, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́yà ní: "Tí aráàlú bá ti rí i kẹ́ẹ tó wá, sà, òfin ò ní kà á sí nǹkan tuntun mọ́. Ṣé wọ́n ti rí i?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Morónikẹ́ húkọ́. "Bàbá Fìyìn, ìdúpẹ́ ńkọ́?"

"Panu mọ́!"

"Ìdúpẹ́ wo, mà?"

"Ti Sọ́ńdè tó kọjá, sà. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà síwájú pẹpẹ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí i. Gbogbo ìjọ tò, ó ń kọ lẹ́tà fún wọn, bàbá yìí sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ."

Láoyè fò dìde. "Ọlọ́run ni mo lọ fi í hàn!"

Lọ́yà dé bírò ẹ̀.

"Ẹ lọ gbàwé lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà."