Ẹni Tí Nọ́ọ̀sì Ní Kó Má Tukọ̀

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a díje nínú ọkọ̀ ojú omi, Nọ́ọ̀sì Losalini gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní erékùṣù Aitutaki. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Fíjì dé. Atukọ̀ kan kú sójú omi lọ́dún tó kọjá, nítorí náà ẹni tí nọ́ọ̀sì ò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kò ní wọ ọkọ̀.

Teariki ló kọ́kọ́ jókòó. Ó sanra, àga sì ké. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Àìsàn ọkàn ló pa á, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n mi Metua, kò tiẹ̀ tíì pé ogójì."

Nọ́ọ̀sì wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, ó mirí. "Ẹ ò ní lè tukọ̀."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tu ú!" Teariki fìbínú dìde. "Ẹni tó bá láyà kó wá gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra," Tepaeru tó tò sẹ́yìn rẹ̀ dá sí i. "Èmi á tukọ̀, ẹ̀yin ẹ máa bá wa ṣọ́ bàtà."

Yẹ̀yẹ́ kì í tán láàárín àwọn méjèèjì, síbẹ̀ Teariki kì í pẹja kó má gbé ìdajì lọ fún un.

Tepaeru náà jókòó. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru díẹ̀. Ó ń fọwọ́ ra àgbọ̀n rẹ̀.

"Kí ló ṣe ibẹ̀?"

"Eyín ni. Tí mo bá tukọ̀ pẹ́ ló máa ń ro mí."

"Àyà yín ńkọ́?"

"Àyà tèmi kì í já, nọ́ọ̀sì."

"Ta ló ti ní àìsàn ọkàn nínú ẹbí yín?"

"Kò sí! Orí igi àgbọn ni Papa mi ti já bọ́ tó fi kú, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà yẹn. Mama Kura ìyá mi nìyẹn, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó ń ránṣọ. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kú!"

Mama Kura rẹ́rìn-ín, kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó bá Tepaeru jiyàn, òótọ́ ló sọ. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, Teariki dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó ń bú nọ́ọ̀sì, ó ń pariwo orúkọ Tepaeru. Ọkọ̀ Tepaeru ló ṣíwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀, àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣubú lé ẹni iwájú rẹ̀ lẹ́yìn. Teariki lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, ó gbé e wá sórí iyanrìn. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ láyà títí, kò mí mọ́.

Teariki kọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba òkú náà lọ́wọ́ òun. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni Tepaeru jẹ́ sí i.

"Àbúrò mi ni," ó ní, "bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé tí wọ́n fi gbé e fún Mama Kura pé kó fi ṣe ọmọ."